Ìpè Méje láti Ìsundunrin

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé Ummuhani nígbà tó tú ìdérí kọ̀ǹpútà náà. Kì í ṣe òórùn wáyà tó jóná, torí imú rẹ̀ ti mọ ìyẹn láti ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe. Òórùn ìgbẹ́ aáyán ni, èyí tó ti gbẹ, tó tún rin, tó tún gbẹ. Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi etí ìbòrí rẹ̀ bo imú, kó tó lè tún bojú wo inú ẹ̀rọ náà. Aáyán mẹ́ta sáré jáde lábẹ́ káàdì gígùn kan tó wà nísàlẹ̀.

"Aúsù bíláhì," ló wí.

Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó wá di ẹni tó ń gbé fóònù nílé ìwòsàn náà, fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Ṣé inú ibí yìí ni ohùn àwọn aláìsàn ń gbà kó tó dé etí mi?"

"Ibẹ̀ náà ni, sà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Ilé ìwòsàn Dókítà Oyèníran ni wọ́n wà, nínú ìlú Ẹ̀jìgbò. Ibùsùn méjìlá ló wà níbẹ̀ àti áńbúláǹsì kan. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí Ẹ̀jìgbò ká ló máa ń pè síbẹ̀ bí ìrọbí obìnrin kan bá fẹ́ dìjà, kí áńbúláǹsì lè wá gbé e. Síìmù mẹ́rin ló wà lórí káàdì gígùn yẹn. Káàdì náà ló ń gba ìpè láti ojú ọ̀run, kọ̀ǹpútà á sì darí rẹ̀ sí tẹlifóònù orí tábìlì. Ohun tí Dókítà sọ fún Ummuhani kò ju pé nígbà mìíràn, ìpè kì í wọlé.

Ohun tí Dókítà kò sọ, gbogbo Ẹ̀jìgbò ti mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, obìnrin télọ̀ kan tó ń jẹ́ Nímọ́tà ń rọbí ní Ìsundunrin, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀méje ni nọ́ọ̀sì pe ilé ìwòsàn láàárín ìṣẹ́jú méjìlá. Fóònù náà ń dún létí rẹ̀, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n gbé Nímọ́tà sórí ọ̀kadà, ọlọ́kadà wà níwájú, Sódìq ọkọ rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn. Nímọ́tà yè. Ọmọ kò yè.

Joanna, ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù nígbà náà, fi Bíbélì búra pé fóònù kankan kò dún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ta ló máa gbà á gbọ́? Ìpè méjèèje wà lójú fóònù nọ́ọ̀sì, gbogbo ènìyàn ló rí i. Wọ́n ní kó máa lọ. Bó ṣe ń jáde, Sódìq pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó sì tutọ́ sí i lẹ́sẹ̀, sórí bàtà.

Níbi àsàlátù àwọn obìnrin ni Ummuhani ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá sí i. "Orí Wasáàpù ló wà, kí lẹ tún ń wádìí?" ló sọ, tẹnutẹnu. "Irú wọn ò ṣeé fi ẹ̀mí ènìyàn ṣọ́." Àwọn obìnrin ní òótọ́ ló sọ.

Lẹ́yìn Joanna ni Dókítà gba Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah, ọkùnrin tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ níwèé tí kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Inú fúláàsì ló ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, kì í sì í dìde lórí àga àfi tí ẹlòmíràn bá jókòó dè é. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń wá sọ pé, "A pè, a pè, ẹ ò gbé e." Ìgbà tí ìyàwó Dókítà fúnra rẹ̀ pè tí kò sẹ́ni tó gbé e ni Dókítà tó rántí pé ó yẹ kí ẹlòmíràn wo ẹ̀rọ tí ẹni tó tà á ti ní kò lábùkù.

Ummuhani fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú kọ̀ǹpútà náà títí kò fi sí ohun tó ń já bọ́ níbẹ̀ mọ́. Ó yẹ ibi ìrántí rẹ̀ wò, ó yẹ ibi tí iná ń gbà wọlé wò, ó pààrọ̀ fáànù tí irun àti eruku ti di pa. Ó tàn án. Ó ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun àsárì, iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀ dúró gbọin.

"Tíṣà, fóònù yín dún bí?"

"Kò dún."

Ummuhani mú fóònù tirẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà ilé ìwòsàn. Ó ń dún létí rẹ̀ kedere, bí ìgbà tí gbogbo nǹkan dára. Àmọ́ tẹlifóònù orí tábìlì kò mira. Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah ń wo tẹlifóònù náà, ó ń wo Ummuhani, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ láti gbé nǹkan tí kò dún.

"Ó ń dún lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ń dún, sà. Káàdì yẹn ṣì ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóhùn, ẹ̀rọ tó yẹ kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ló ti gan."

Bàbá náà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan. "A jẹ́ pé òótọ́ ni ọmọ yẹn ń sọ."

Ummuhani tún tẹ nọ́ńbà náà. Ó tún ń dún létí rẹ̀, tẹlifóònù orí tábìlì kò sì mira.

Ó ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ṣẹ́ ní Abidjan lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń sọ pé ẹ̀rọ kì í gan láìní ìdí, wíwá ìdí náà ló ń sú oníṣẹ́. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, ètò kan wà tó jẹ́ ọ̀gá lórí gbogbo ètò yòókù, òun ni wọ́n ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì. Kò sí ohun tó lè mira láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Káàdì bíi ti síìmù mẹ́rin yìí kò sì lè bá a sọ̀rọ̀ àfi kó ní ètò kékeré kan tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní dráífà. Bí dráífà bá jẹ́ jákujàku, kánẹ́ẹ̀lì ló máa dì mú lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ummuhani gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó sì pàṣẹ fún kánẹ́ẹ̀lì pé ohunkóhun tó bá ní í sọ, kó máa sọ ọ́ gba orí wáyà yẹn, torí ẹ̀rọ tó bá ti gan kò lè kọ nǹkan sínú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah pé kó bá òun pè. Wọ́n pè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí nǹkan kan. Wọ́n jọ pè lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí nǹkan kan. Ó tó wákàtí kan tí wọ́n fi ń pè.

"Tíṣà, mo fẹ́ kí ẹ gé tiyín gan-an lásìkò tí tèmi bá ń wọlé."

"Kí n máa kà á?"

"Ẹ kà á, sà. Bó bá di ẹẹ́ta, kí ẹ gé e."

Ọkùnrin náà kà á bí ẹni tó wà níwájú ọmọ kíláàsì kìíní. Bó ṣe gé e, iná ẹ̀rọ dúró gbọin. Lójú láptọ́ọ̀pù, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde: ọkàn kejì tí ẹ̀rọ fi ń ronú ti gan fún ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélógún. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ dráífà káàdì náà wà, lẹ́ẹ̀mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ummuhani kà á, ó tún un kà. Ìpè tó ń wọlé ti di ilẹ̀kùn mú, ó ń dúró de kọ́kọ́rọ́. Ìpè tí wọ́n gé, tó fẹ́ jáde, ti mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó ń dúró kí ilẹ̀kùn ṣí. Kò sí èyí tó fẹ́ jọ̀wọ́ nínú àwọn méjèèjì, kánẹ́ẹ̀lì wá dúró láàárín wọn, ó gan.

Wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀marùn-ún sí i, ó gan lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Inú Ummuhani ì bá dùn, torí pé ẹni tó ti rí àbùkù ti fẹ́ parí iṣẹ́. Àmọ́ ohun kan ń dà á láàmú. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá gan, tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á kú fúnra rẹ̀, á tún tan fúnra rẹ̀. Bó bá sì ti tan, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á mọ́ fónífóní, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ó wá a títí ó fi rí i, nínú fáìlì pẹlẹbẹ kan tó fara pamọ́ sáàárín àwọn fáìlì ńláńlá. Ẹ̀njíníà Òkè, ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún Dókítà tó sì tò ó, ló kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó tún fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ àlàyé kékeré kan sókè, bí àwọn oníṣẹ́ ṣe máa ń ṣe kí wọ́n má baà gbàgbé. Ohun tó kọ ni pé dráífà yìí ń gan bí ìlà méjì bá forí gbárí, pé ètò yìí á máa tún ẹ̀rọ tan, á sì máa nu àkọsílẹ̀ nù, kí oníbàárà má baà mọ̀.

Ọjọ́ wà níbẹ̀. Oṣù kìíní ni. Oṣù méjì gbáko ṣáájú ìrọbí Nímọ́tà.

"Sé pa posíbù," ni Ummuhani wí, èdè Abidjan tó máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí nǹkan bá ti kọjá sísọ. Kò ṣeé ṣe. Ó dìde, ó jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó dúró ti ẹ̀rọ amúnáwá, ó ń tutọ́. Itọ́ náà kò tán. Òórùn aáyán àná tún padà sí i nímú, ó wá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó kà yẹn ló ń rùn.

Ó pe Òkè, ó ní kó wá. Ọ̀sán ni Òkè dé, lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó jókòó sórí àga tí Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah dìde lórí rẹ̀ láti lọ sílé ìtọ̀. Ummuhani yí ojú láptọ́ọ̀pù sí i.

"Há, Àǹtí mi," ló wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ṣáà mọ iṣẹ́ wa. Kọ̀ǹpútà wo ni kì í gan?"

"Mo mọ̀ pé wọ́n ń gan. Ohun tí mò ń bi yín ni pé kí ló dé tí ẹ fi nu àkọsílẹ̀ ẹ̀ nù?"

"Bí oníbàárà bá ń rí i pé ẹ̀rọ ń gan, ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀. Ìgbà tó bá sì tún tan fúnra ẹ̀, kí ló kù?"

"Nígbà tí ọmọ Nímọ́tà kú, Dókítà ní kí ẹ wá yẹ ẹ̀rọ wò. Kí lẹ sọ fún un?"

Òkè jẹ ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ díẹ̀. "Mo ní ẹ̀rọ ò lábùkù. Mo fi àkọsílẹ̀ hàn án."

"Àkọsílẹ̀ tí ẹ ti nù."

"Joanna yẹn náà máa ń tẹ fóònù lẹ́nu iṣẹ́ o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́ di ẹni mímọ́." Ó nawọ́ kọjá tábìlì, ó fẹ́ di ọwọ́ Ummuhani mú. "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ láàárín ara wa, àwa oníṣẹ́."

Ummuhani fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ rìn lára. Òkè jù ú lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin, Ummuhani sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ láti ìgbà tó ti wọlé. Ó ṣàdédé rí i pé òun kò lè sọ "ẹ" náà jáde lẹ́nu mọ́.

"Òkè, dìde."

"Àǹtí, kí ló..."

"Mo ní kí o dìde lórí àga yẹn. Joanna ló ń jókòó síbẹ̀."

Òkè dìde. Ó wo ojú rẹ̀, bóyá yẹ̀yẹ́ ni, ó rí i pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde. Ummuhani fi aṣọ tó fi nu ẹ̀rọ nu àga náà, ìjókòó àti ibi ìfẹ̀yìntì.

Ohun tó ṣẹ́ kù láti ṣe ló rí i lára jùlọ. Ó lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà. Wọ́n ti rí àbùkù dráífà yìí, wọ́n ti tún un ṣe láti ọdún tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Ó yọ ti àtijọ́ kúrò, ó fi tuntun sí i, ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án. Ó wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Òun àti Ọ̀gbẹ́ni Jeremiah fi ọjọ́ méjì gbáko pe ìpè, wọ́n ń gé e lórí ara wọn lóríṣiríṣi. Ẹ̀rọ náà kò gan mọ́.

Dókítà Oyèníran rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́, ó dìde lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. "Ìyá Hamid, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni." Àmọ́ bí Ummuhani ṣe ń sọ ìyókù, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó rora tún jókòó. 

"Òkè fi ojú mi gbolẹ̀," ló wí. "Mi ò ní pè é síbí mọ́ láéláé. Àmọ́ ẹ jẹ́ kọ́rọ̀ yìí tán sáàárín àwa méjì. Ẹ̀rọ ti dáa. Bó bá jáde, ta ló máa gbé ìyàwó ẹ̀ wá bímọ níbí?"

"Joanna ńkọ́, sà?"

"Màá wá nǹkan ṣe sí ti Joanna. Ní ìdákẹ́jẹ́."

"Kì í ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ lẹ lé e."

Dókítà gbójú sókè. "Ìyá Hamid, èmi ni mo gbé iṣẹ́ yìí fún yín."

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Iṣẹ́ ọ̀hún ni mo ṣe yìí." Ó fi ìwé kan tó kọ gbogbo ohun tó rí sí sórí tábìlì. "Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo tẹ̀. Tiyín rèé. Ọ̀kan jẹ́ ti Joanna, ọ̀kan jẹ́ ti Nímọ́tà."

Ó jáde. Ó mọ̀ pé òun kò ní rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ mọ́, kò sì dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọkùnrin yẹn, tó fi ọwọ́ gba ọmọ gbogbo Ẹ̀jìgbò sáyé, kò béèrè Nímọ́tà rárá.

Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Abẹ́ àtíbàbà kan ló ti bá Joanna, ó ń bó ẹ̀gẹ́, èèpo ti yí i ká dé orókún. Ó ti rù. Ó kí Ummuhani tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí Ummuhani ń ṣàlàyé. Ummuhani sọ nípa káàdì, ó sọ nípa fóònù tó ń dún níta tí kò dún nínú ilé, ó sọ ohun tí Òkè kọ. Ọ̀bẹ náà kò dúró.

"Ẹ ṣeun, mà," ni Joanna wí. "Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi káàkiri, ẹ̀yin náà gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ sọ?"

Ummuhani lè sọ pé òun kò sọ nǹkan kan. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé irọ́ ni. "Mo ní orí Wasáàpù lo wà. Mo ní irú yín ò ṣeé fi ẹ̀mí ènìyàn ṣọ́."

Ọ̀bẹ dúró. Joanna wò ó bí ẹni tó rí irun nínú oúnjẹ tó ti jẹ dé ìdajì. Ojú ti Ummuhani débi pé ara rẹ̀ rí i lára, ó kórìíra ẹnu tó fi sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ẹnu ẹlòmíràn ni.

"Wọ́n kọ̀wé sí ògiri ilé wa," ni Joanna wí. "Ìyá mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò kúrò." Ó dìde, ó gbọn èèpo kúrò lára. "Ẹ dúró, mà, kí n fọwọ́. A jọ ń lọ sí Ìsundunrin ni."

Ọ̀kadà kan ni àwọn méjèèjì jọ gùn lọ.

Nímọ́tà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Sódìq sì ń di iṣu lẹ́bàá ògiri. Nígbà tí Sódìq rí Joanna, ojú rẹ̀ le. Joanna kò wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàrá. Ummuhani ló wọlé, ó kí wọn, ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n fún un, ó ka ìwé náà fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń túmọ̀ ibi tó bá le.

Kí ó tó kà á tán, Sódìq ti jọ̀wọ́ okùn ọwọ́ rẹ̀. Ó jáde lọ bá Joanna, ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ni Joanna wí. Ó gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ má súnmọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ọkùnrin náà dúró sí àárín, kò lè lọ síwájú, kò lè padà.

 Ọwọ́ Nímọ́tà ṣì wà lórí aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. "Ẹ ní ẹ ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe."

"Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà yín?"

Ummuhani kò fẹ́ sọ ọ́. "Mẹ́rìnlá."

"Mẹ́rìnlá." Nímọ́tà gé òwú, ó ká aṣọ náà dáadáa, ó fi lélẹ̀. "Ó sì mọ̀ láti oṣù kìíní."

"Ó mọ̀."

Nímọ́tà dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ọ tó ń bì. Sódìq kò mira níbi tó dúró sí, Ummuhani náà kò lè dìde. Joanna ló gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó bu omi nínú kẹ̀ǹgbẹ̀, ó tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Sódìq àti nọ́ọ̀sì fi kó bí ogún ènìyàn wá sí ilé ìwòsàn láti Ìsundunrin, ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ìdákẹ́jẹ́ tí Dókítà lè wá mọ́. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síta, ó ka ìwé náà sétí gbogbo wọn, ó sì bẹ Nímọ́tà, ó bẹ Joanna. Ó ní kí Joanna padà sẹ́nu iṣẹ́. Joanna ní òun kò lè jókòó sínú yàrá yẹn mọ́, pé ohun tí òun ń fẹ́ ni kí wọ́n kọ lẹ́tà kan sí ṣọ́ọ̀ṣì òun, tó máa sọ pé òun kò jẹ̀bi. Òkè ti pa fóònù rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní títì.

Wọ́n ka lẹ́tà náà ní ṣọ́ọ̀ṣì Joanna ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e. Ummuhani wà níbẹ̀, ó dúró síta lójú fèrèsé pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ya bo Joanna, wọ́n ń nawọ́, wọ́n ń sọ pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò lè ṣe irú rẹ̀. Joanna jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ènìyàn mẹ́ta péré ló dìde fún tó sì bọ̀ lọ́wọ́, àwọn mẹ́ta tó ti wá kí wọn nílé láàárín oṣù wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn náà ó mú ìyá rẹ̀ dání, wọ́n jáde. Ó rí Ummuhani lójú fèrèsé bó ṣe ń kọjá. Ó kí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ummuhani dáhùn, kò sì nawọ́ sí i, torí òun kò sí lára àwọn mẹ́ta yẹn.